Ipa Bakitéríà Inú Ìfun Nínú Àrùn Ìfun Wíwú: Ọ̀tá Ni Tàbí Ará Ilé?

Ìfáárà

Nínú èdè Yorùbá òde òní, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà, kòkòrò, ni wọ́n fi ń pe ohun tí ń jẹ ewé lóko, ohun tí ń jẹ eyín lẹ́nu, àti ohun tí dókítà ní òun rí nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Ní ilé ìwòsàn, bí wọ́n bá ti dárúkọ kòkòrò, ohun tí ó máa ń wá sí ọkàn aláìsàn ni pé nǹkan kan ti ìta wọ òun lára, àti pé oògùn tí yóò pa nǹkan náà ni òun ń wá. Èrò yìí kì í ṣe ti aláìsàn nìkan. Láti ìgbà tí Robert Koch, oníṣègùn ará Jámánì, ti fi hàn ní ọdún 1882 pé bakitéríà kan pàtó ni ó ń fa ikọ́ ife, ni ìmọ̀ ìṣègùn fúnra rẹ̀ ti fara mọ́ àgbékalẹ̀ kan: àrùn kan, kòkòrò kan. Àgbékalẹ̀ yìí ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn là, kò sì sí ẹni tí ó lè fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àrùn kan wà tí kò bá a mu, èyí tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé, nínú àrùn ìfun wíwú, ọwọ́ bakitéríà kò lè ṣe aláìsí níbẹ̀, síbẹ̀ kò tí ì sí bakitéríà kan pàtó tí ẹnikẹ́ni lè nàka sí pé òun nìkan ni ọ̀daràn. Àjọgbé tí ó wà láàárín ara ènìyàn àti àwọn ohun abẹ̀mí tí ń gbé inú rẹ̀ ni ó dàrú. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àríyànjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé lásán, nítorí pé irú oògùn tí wọn yóò fún aláìsàn, àti bóyá oògùn náà yóò wò ó sàn tàbí yóò pa á lára, dúró lórí rẹ̀.

Àrùn náà àti orúkọ rẹ̀

Àrùn méjì ni orúkọ yìí kó pọ̀. Èkíní ni àrùn egbò ìfun ńlá. Samuel Wilks, oníṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n sábà máa ń kà sí ẹni tí ó kọ́kọ́ fún un ní orúkọ nínú ìwé, ní ọdún 1859. Awọ inú ìfun ńlá nìkan ni àrùn yìí ń bá jà. Láti ìsàlẹ̀, lẹ́bàá ihò ìdí, ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, tí yóò sì máa gun òkè lọ láì fo ibì kankan. Èkejì ni àrùn Crohn, tí ó gba orúkọ rẹ̀ lára Burrill Crohn, ẹni tí òun àti Leon Ginzburg àti Gordon Oppenheimer kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1932 láti ilé ìwòsàn Mount Sinai ní New York. Ibikíbi láti ẹnu títí dé ihò ìdí ni èyí lè mú, ṣùgbọ́n ìparí ìfun kékeré ni ó fẹ́ràn jù. A máa fo ibì kan mú ibòmíràn, a sì máa gbẹ́ ògiri ìfun já, débi pé ìfun kan lè lẹ̀ mọ́ èkejì, tàbí kí ihò là láti inú ìfun bọ́ sí ara òde.

Inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru tí kò lọ bọ̀rọ̀, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ara rírù àti àárẹ̀ ni aláìsàn máa ń rí. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò tí ì pé ẹni ọdún 35 ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ bá. A máa rọlẹ̀, a sì tún máa ru sókè.

Nínú èdè Yorùbá, ẹni tí ó bá ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tí ó ní ohun yíyọ̀ nínú, ìgbẹ́ ọ̀rìn ni wọn yóò sọ pé ó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Orúkọ náà tọ̀nà, nítorí ohun tí ojú rí ni ó ń sọ. Ṣùgbọ́n kò sọ ìdí rẹ̀. Amíbà lè fà á, bakitéríà tí ń jẹ́ Shigella lè fà á, ikọ́ ife tí ó wọ ìfun lè fara jọ ọ́, àrùn ìfun wíwú náà sì lè wọ ẹ̀wù kan náà. Ibi tí ewu wà nìyẹn, bí yóò ti hàn ní ìparí iṣẹ́ yìí.

Wíwá ọ̀daràn

Ọdún 19 ṣáájú ìwé Crohn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni oníṣẹ́ abẹ kan ní Glasgow, Kennedy Dalziel, ti ṣe àpèjúwe àwọn aláìsàn tí ìfun wọn nípọn tí ó sì wú lọ́nà yìí. Ohun tí ó gba àfiyèsí nínú ìwé rẹ̀ ti 1913 ni pé ó rí i pé ìfun àwọn aláìsàn wọ̀nyí jọ ìfun màlúù tí àrùn Johne pa. Bakitéríà kan, tí ó jẹ́ ìbátan ti ikọ́ ife, ni ó ń fa àrùn Johne. Dalziel wá irú bakitéríà bẹ́ẹ̀ lára àwọn ènìyàn wọ̀nyí, kò sì rí i.

Àbá náà kò kú. Ní 1984, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ti rí bakitéríà tí ó jọ ti àrùn Johne gbìn jáde láti ara ìfun àwọn aláìsàn Crohn. Ìrètí ńlá dé: bí ó bá jẹ́ pé òun ni, oògùn tí ń pa á yóò parí ọ̀rọ̀. Ìdánwò ńlá kan nípa èyí ni ti Australia tí èsì rẹ̀ jáde ní 2007. Aláìsàn 213 ni wọ́n kó jọ. Wọ́n fún àwọn kan ní oògùn apakòkòrò mẹ́ta pọ̀ fún ọdún 2, wọ́n fún àwọn yòókù ní èyí tí kò ní agbára kankan nínú. Gbogbo wọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ fún ní oògùn tí ń mú kí wíwú rọlẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ 16, ìdá 66 nínú 100 nínú àwọn tí ó lo oògùn apakòkòrò ni ara wọ́n ti balẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ ìdá 50 nínú 100 lára àwọn yòókù. Lẹ́yìn èyí, ìyàtọ̀ náà kò dúró. Bí bakitéríà yìí bá ni gbòǹgbò àrùn náà, ó yẹ kí ọdún méjì tó láti fa gbòǹgbò náà tu. Ṣùgbọ́n èrè ọ̀sẹ̀ 16 yẹn kò yẹ kí ó bọ́ sọnù nínú àríyànjiyàn náà. Oògùn apakòkòrò kì í yan ẹni tí yóò pa. Nígbà tí ó ń lé ẹni tí wọ́n fura sí, ó ń gbá àwọn aládùúgbò rẹ̀ mọ́ ọn, kò sì sẹ́ni tí ó lè sọ èwo nínú wọn ni kíkúrò rẹ̀ mú ìtura náà wá.

Ẹ̀rí pé bakitéríà kò lè ṣe aláìsí

Bí kò bá sí ọ̀daràn kan pàtó, kí ni ẹ̀rí pé bakitéríà ní ọwọ́ nínú ọ̀ràn náà rárá? Ẹ̀rí tí ó lágbára jù wá láti ìlú Leuven ní Belgium. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ti mọ̀ pé bí àwọn bá gé apá ìfun tí àrùn Crohn ti bà jẹ́ kúrò, tí àwọn sì rán èyí tí ó kù pọ̀, àrùn náà sábà máa ń padà sí òkè ojú ibi tí wọ́n ti rán an gan-an. Ní 1991, Paul Rutgeerts àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn aláìsàn 5 tí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí fún, ṣùgbọ́n tí wọ́n darí ìgbẹ́ wọn gba ara ikùn jáde fún oṣù 6, tí ohunkóhun kò fi kọjá ní ojú ibi tí wọ́n rán. Nínú oṣù 6 yìí, àrùn náà kò padà sí ìfun ẹnì kankan nínú wọn. Nígbà tí wọ́n dá ọ̀nà ìgbẹ́ padà sí ipò rẹ̀, àrùn padà.

Ní 1998, àwọn ará Leuven yìí kan náà tún tẹ̀ síwájú. Aláìsàn 3 ni ìfun wọn wà ní irú ìsinmi bẹ́ẹ̀, tí ara rẹ̀ sì dán. Wọ́n mú ohun tí ó ti inú ìfun aláìsàn kọ̀ọ̀kan jáde, wọ́n sì ń dà á padà sí apá tí ń sinmi náà fún ọjọ́ 8. Nígbà tí ọjọ́ 8 pé, maikirosíkóòpù fi hàn pé wíwú ti bẹ̀rẹ̀. Ènìyàn 5 àti ènìyàn 3 kò pọ̀, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ bu ìwádìí náà kù ní tìtorí iye, kí ó kọ́kọ́ ro ohun tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ aláìsàn.

Èkúté ni ó tún ọ̀rọ̀ náà fìdí múlẹ̀. Ní 1993, àwọn olùwádìí ní Jámánì sin èkúté tí kò lè pèsè èròjà tí ń jẹ́ interleukin-10. Èròjà yìí ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ara fi ń sọ fún ara wọn pé kí wọ́n dáwọ́ ìjà dúró. Ìfun àwọn èkúté náà wú, ó sì bàjẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sin irú èkúté bẹ́ẹ̀ ní ibi tí kò ti sí kòkòrò kankan rárá, bí èsì kan tí ó jáde ní 1998 ti fi hàn, ìfun wọn kò wú. Ohun méjì ni èyí kọ́ni. Àbùkù tí ó wà lára ẹ̀ṣọ́ ara kò tó láti fa àrùn láìsí bakitéríà. Bẹ́ẹ̀ sì ni bakitéríà kan náà ń gbé inú àwọn èkúté yòókù tí kò ní àbùkù, wọn kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Bí àjọgbé náà ti rí nígbà tí ó dára

Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà. Òwe yìí yẹ fún ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni ó yẹ ẹ́, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn tí ń gbé ara ẹ̀fọ́ yìí kì í jẹ ẹ́. Wọ́n ń bomi rin ín ni. Ìṣírò tí àwọn olùwádìí ilé ẹ̀kọ́ Weizmann ní Ísírẹ́lì gbé jáde ní 2016 fi hàn pé bakitéríà tí ó wà lára ọkùnrin kan tí ó ṣe déédéé tó tírílíọ̀nù 38, ìfun ńlá sì ni ó pọ̀ jù nínú wọn ń gbé. Gbogbo wọn pọ̀ kò wúwo ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún kílò kan lọ.

Ìgbìmọ̀ tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò lè gbé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ara láìsí ààlà. Ààlà náà ni ohun yíyọ̀ bí ilá tí ó tẹ́ sórí awọ ìfun. Ní Gothenburg, ní Sweden, àwọn olùwádìí fi hàn ní 2008 pé nínú ìfun ńlá èkúté, ìpele méjì ni ó ní: bakitéríà ń gbé inú èyí tí ó wà lókè, ṣùgbọ́n wọn kò lè wọ èyí tí ó sún mọ́ awọ. Ó dà bí ìgbà tí ilé ní ìloro àti yàrá; àlejò lè jókòó ní ìloro títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ṣùgbọ́n kì í wọ yàrá.

Ìwà àwọn ará ìloro yìí náà kì í ṣe ti olè. Ara oúnjẹ tí ènìyàn kò lè dà fúnra rẹ̀, bí àwọn èyí tí ó wà nínú ẹ̀wà, ewébẹ̀ àti èèpo ọkà, àwọn ni wọ́n ń bá a dà á, wọn a sì sọ ọ́ di àwọn ásíìdì kan. Ọ̀kan nínú wọn ni butyrate, tí ó jẹ́ olórí oúnjẹ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó tẹ́ ìfun ńlá. W. E. W. Roediger kíyè sí i ní 1980 pé sẹ́ẹ̀lì ìfun àwọn tí ó ní àrùn egbò ìfun ńlá kì í lè lo butyrate bí ó ti yẹ, ó sì bi í léèrè bóyá ebi ni ó ń pa ìfun náà. Ní 2010, ìwádìí kan tí ó fi àwọn ọmọdé abúlé kan ní Burkina Faso wé àwọn ọmọdé Florence ní Ítálì rí i pé irú àwọn ásíìdì yìí pọ̀ gan-an nínú ìgbẹ́ àwọn ọmọ Burkina Faso, tí wọ́n ń jẹ jéró, ọkà bàbà, ẹ̀wà àti ewébẹ̀.

Ta ni ó ti lọ, ta ni ó ti pọ̀ jù?

Bí wọ́n bá yẹ ìfun aláìsàn wò, wọn yóò rí i pé irú àwọn tí ń gbé ibẹ̀ ti dínkù, ìlú náà sì ti dá. Ọ̀kan tí ó sábà máa ń sọnù ni Faecalibacterium prausnitzii, tí ó wà lára àwọn tí ń pèsè butyrate. Ní 2008, Harry Sokol àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Faransé ròyìn pé àwọn aláìsàn Crohn tí èyí kò pọ̀ nínú ìfun wọn nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ni àrùn náà tètè padà sí lára ní oṣù 6. Ní ìdàkejì, àwọn ará Clermont-Ferrand, tí Arlette Darfeuille-Michaud jẹ́ aṣáájú wọn, ti rí irú E. coli kan tí ń lẹ̀ mọ́ awọ ìparí ìfun kékeré, tí ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì, tí ó sì ń bí sí i nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ó yẹ kí ó pa á. Ó pọ̀ lára àwọn aláìsàn Crohn ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ. Síbẹ̀ ó wà lára díẹ̀ nínú àwọn tí ara wọ́n le, ọ̀pọ̀ aláìsàn ni kò sì ní in.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le jù lọ. Àgbẹ̀ tí ó bá rí ẹ̀kan lórí ilẹ̀ rẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ náà ti ṣá. Ṣé ẹ̀kan ni ó sọ ilẹ̀ di aṣálẹ̀, tàbí nítorí pé ilẹ̀ ṣá ni ẹ̀kan ṣe rí àyè hù? Ìwádìí kan láti California ní 2013 fi hàn pé nínú èkúté, ìfun tí ó bá ti wú a máa tú èròjà nitrate jáde, nitrate yìí sì ni E. coli fi ń mí, tí ó fi ń borí àwọn tí kò lè lò ó. Nítorí náà, púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ tí wọ́n ń rí nínú ìfun aláìsàn lè jẹ́ àbájáde àrùn, kì í ṣe orísun rẹ̀. Ẹni tí ó bá ka àwọn ìwé tí ń kó orúkọ bakitéríà jọ láti inú ìgbẹ́ aláìsàn, tí kò bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè àgbẹ̀ yìí, yóò rò pé òun ti rí púpọ̀ ju ohun tí ó wà níbẹ̀ lọ.

Àbùdá tí ènìyàn jogún náà ní ìpín tirẹ̀. Ní 2001, àwọn ẹgbẹ́ olùwádìí méjì kéde lẹ́ẹ̀kan náà pé àbùkù nínú àbùdá tí ń jẹ́ NOD2 ń jẹ́ kí àrùn Crohn tètè mú ènìyàn. Iṣẹ́ NOD2 ni láti dá ègé ògiri ara bakitéríà mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní àbùkù náà ni kì í ṣàìsàn láéláé, kò sì sí àwọn àbùkù wọ̀nyí lára àwọn ará Japan, bẹ́ẹ̀ àrùn Crohn wà ní Japan.

Èrò Yorùbá nípa kòkòrò inú ara

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí mú ni rántí iṣẹ́ Anthony Buckley, tí ó ṣe ìwádìí láàárín àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ní Ìbàdàn, tí ìwé rẹ̀ lórí ìṣègùn Yorùbá sì jáde ní 1985. Ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu wọn ni pé kòkòrò àti aràn ti wà nínú ara gbogbo ènìyàn. Inú àpò wọn ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì ní iṣẹ́ rere tí wọ́n ń ṣe. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, tí wọ́n kún kọjá àpò wọn, bí ẹni tí ó jẹ ohun dídùn ní àjẹjù, nígbà náà ni wọ́n ń di àrùn.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ti ìdí èyí sọ pé àwọn baba wa ti mọ bakitéríà kí maikirosíkóòpù tó dé. Wọn kò mọ̀ ọ́n. Kòkòrò tí àwọn oníṣègùn yẹn ń sọ kì í ṣe tírílíọ̀nù 38 ti ìṣírò 2016. Àgbékalẹ̀ èrò ni ó jọra. Àgbékalẹ̀ náà sì ní ibi tí kò dé: àpọ̀jù nìkan ni ó mọ̀. Nínú àrùn ìfun wíwú, dídínkù àwọn kan jẹ́ ìṣòro bí pípọ̀ àwọn mìíràn. Síbẹ̀, nígbà tí dókítà bá ń ṣàlàyé fún aláìsàn tí ó gbọ́ Yorùbá, ọ̀nà yìí sún mọ́ òtítọ́ ju "kòkòrò ti wọ inú rẹ" lọ.

Ìtọ́jú

Bí àjọgbé bá ti dàrú, ǹjẹ́ wọ́n lè tún un ṣe? Ní 1917, nígbà ogun àgbáyé èkíní, Alfred Nissle, oníṣègùn ní Freiburg, rí ọmọ ogun kan tí ìgbẹ́ ọ̀rìn kò mú níbi tí ó ti ń mú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó yọ E. coli kan láti inú ìgbẹ́ ọkùnrin náà, ó sì sọ ọ́ di oògùn. Nínú ìdánwò kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2004, aláìsàn 327 tí ó ní àrùn egbò ìfun ńlá ni wọ́n pín sí méjì fún ọdún kan. Àrùn náà padà sí ìdá 36.4 nínú 100 lára àwọn tí ó lo bakitéríà Nissle, àti ìdá 33.9 lára àwọn tí ó lo mesalazine, oògùn tí gbogbo ayé ń lò. Nítorí náà, ẹbí E. coli kan náà tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní Clermont-Ferrand ni ó ń ṣe olùṣọ́ níbí.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n gba ìgbẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ le, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, kí wọ́n sì gbé e sínú ìfun aláìsàn. Ìdánwò méjì lórí àrùn egbò ìfun ńlá jáde ní 2015. Ti Netherlands kò rí ìyàtọ̀ tí ó ṣe é gbára lé. Nínú ti Canada, ara ìdá 24 nínú 100 balẹ̀, ìdá 5 nínú 100 sì ni ti àwọn tí wọ́n fún ní omi lásán. Ènìyàn 9 ni ìdá 24 yẹn, 7 nínú wọn sì ni ó gba ìgbẹ́ ẹnì kan ṣoṣo náà. Kí ni ó wà nínú ìfun olùtọrẹ yìí tí kò sí nínú ti àwọn yòókù? Títí di òní, ìdáhùn kò tí ì fìdí múlẹ̀. Ìdánwò ti Australia ní 2017, tí wọ́n po ìgbẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn pọ̀ fún, rí ìdá 27 sí ìdá 8.

Ohun tí ó kan ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà

Àwọn ìwé ìṣègùn ti sọ ọ́ tipẹ́ pé àrùn ìfun wíwú ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà, ó sì jọ pé òtítọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọn kò bá wá kì í tètè hàn. Láti dá àrùn náà mọ̀, ó gba pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú ìfun, kí wọ́n gé díẹ̀ lára awọ rẹ̀, kí ẹni tí ó mọṣẹ́ sì wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù. Níbi tí kò bá ti sí èyí, orúkọ ìgbẹ́ ọ̀rìn ni yóò bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Aláìsàn yóò ra oògùn apakòkòrò ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, yóò lò ó, ara yóò fúyẹ́ díẹ̀ bí ti àwọn ará Australia ní ọ̀sẹ̀ 16, àrùn yóò tún padà, yóò sì tún ra òmíràn. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó tún ń lé díẹ̀ sí i lára àwọn tí ń pèsè butyrate fún ìfun rẹ̀.

Àṣìṣe kejì burú ju èyí lọ. Ikọ́ ife inú ìfun àti àrùn Crohn fara jọ ara wọn débi pé ojú tí ó mọṣẹ́ pàápàá lè ṣì wọ́n mú: ìparí ìfun kékeré ni àwọn méjèèjì fẹ́ràn, àwọn méjèèjì sì ń mú kí aláìsàn rù. Oògùn tí ń dín agbára ẹ̀ṣọ́ ara kù, bí prednisolone àti infliximab, ni wọ́n fi ń tọ́jú àrùn Crohn. Bí wọ́n bá lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó jẹ́ pé ikọ́ ife ni ó wà nínú ìfun rẹ̀, wọ́n ti mú ẹ̀ṣọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ọ̀tá, tí ó jẹ́ ọ̀tá gidi ní tirẹ̀, wà nínú ilé. Ikọ́ ife náà lè tàn ká gbogbo ara. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, ní ilẹ̀ tí ikọ́ ife pọ̀ sí, àyẹ̀wò fún kòkòrò tí Koch rí ní 1882 ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí wọ́n tó lè tọ́jú aláìsàn náà fún àrùn tí kò ní kòkòrò kan pàtó.